Ta ló ń to ojú ìwé? Iṣẹ́ Rupert Kinnard

Bí àwọn ọ̀dọ́ bá wá bá mi pé àwọn fẹ́ máa ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ fún ìwé ìròyìn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni pé: ta ni yóò to ojú ìwé náà? Ọ̀pọ̀ wọn kì í ronú débẹ̀. Nígbà náà ni mo máa ń sọ ìtàn ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ kan, Rupert Kinnard, fún wọn.

Ọdún 1954 ni wọ́n bí i, ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ló sì dàgbà sí. Adúláwọ̀ ni, ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin sì ni. Kò fi èyíkéyìí pamọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Láti kékeré ló ti ń ya akọni inú kọ́míìkì, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ni wọ́n, títí ojú rẹ̀ fi là sí i. Ní 1977, nígbà tó wà ní Cornell College ní ìpínlẹ̀ Iowa (kì í ṣe yunifásítì Cornell ti New York o), ó gbé akọni adúláwọ̀ kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́: Brown Bomber. Orúkọ ìnagijẹ Joe Louis akànṣẹ́ ló yá, àmọ́ Bomber tirẹ̀ kì í ṣe oníjà. Ọkàn rẹ̀ rọ̀, kíá ló ń gba èèyàn gbọ́. Kí Kinnard tó kúrò níbẹ̀ ní 1979, Bomber ti sọ fún àwọn òǹkàwé pé ọkùnrin lòun ń fẹ́. Ìgboyà ńlá ni.

Lẹ́yìn náà ló fi Diva Touché Flambé kún un, obìnrin adúláwọ̀ tó ń fẹ́ obìnrin, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí. Àpótí mélòó kan péré, ìyẹn àwọn igun mẹ́rin tí a ń ya àwòrán sí, ni ayàwòrán ní lọ́sẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló mọ gbogbo nǹkan, ìwàásù ló máa dà. Bí méjèèjì bá jẹ́ aláìmọ̀kan, ọ̀rọ̀ kò ní kúrò lójú kan. Bomber ń béèrè, Diva ń fèsì nípa ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, òǹkàwé sì dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bomber, ó ń gbọ́ ìbáwí tí ẹnikẹ́ni kò nàka rẹ̀ sí i. Òkò ọ̀rọ̀ ni: ẹni tó bà ló mọ̀.

Ní 1983 tí Just Out, ìwé ìròyìn àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, bẹ̀rẹ̀ ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon, Kinnard ló ń ṣètò àwòrán àti ojú ìwé rẹ̀. Nígbà yẹn, ọ̀bẹ àti rúlà ni wọ́n fi ń gé ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Ẹni tó ń ṣe é ló mọ ibi tí àyè ṣẹ́ kù sí. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n gé àpótí ìkẹyìn àwòrán mi kí ìpolówó lè ráyè. Àpótí tí ẹ̀rín wà nínú rẹ̀ ni. Ó ṣì ń dùn mí.

Àwòrán Bomber àti Diva, tí wọ́n ń pè ní Cathartic Comics, tún jáde ní San Francisco, wọ́n sì kó o jọ sínú ìwé ní 1992. Ní 1996, jàǹbá ọkọ̀ mú kí ẹsẹ̀ Kinnard méjèèjì rọ. Kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí ojú ìwé kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ bo ọ̀rọ̀ tó wà lókè orí Bomber àti Diva, kí ẹ wo ojú àwọn méjèèjì nìkan. Ẹ máa mọ ẹni tó ń béèrè.