Ká tó ṣí lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ mìíràn n'Íbàdàn

Kò sí oṣù kan tí ẹnìkan kì í pè mí pé òun fẹ́ ṣí lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọ àdúgbò òun. Inú mi a máa dùn. Ìbéèrè tí mo sì máa ń kọ́kọ́ bi onítọ̀hún ni pé, ta ló ti ń ṣe irú ẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ọ̀pọ̀ ni kì í mọ̀. Ọkùnrin tó pè mí kẹ́yìn ń gbé ní Yemẹtu. Ó ti ra pátákó ìkọ̀wé, ó ti ra ṣọ́ọ̀kì páálí kan, ó ti bá onílé sọ̀rọ̀ lórí gáráàjì. A jọ rìn yí àdúgbò náà ká ní Sátidé kan. Láàárín wákàtí méjì, a bá ibi mẹ́ta tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọ lọ́fẹ̀ẹ́: ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò lẹ́yìn kéwú, yàrá àwọn ọmọdé nínú ṣọ́ọ̀ṣì kan, àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò mọ ara wọn. Ọ̀kan ní bẹ́ǹṣì ju iye ọmọ lọ. Lọ́dọ̀ èkejì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni àwọn ọmọ ń jókòó sí. Ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ló wà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ kíkọ́ àwọn ọ̀dọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nílùú yìí, ohun tó sì dá mi lójú jù ni pé kì í ṣe àìsí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọ ló ń pa lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́. Àìmọra ẹni ló ń pa á. Kálukú dá tirẹ̀ sílẹ̀, ó dá ẹrù rẹ̀ rù, nígbà tó bá sì rẹ̀ ẹ́, ó kógbá sílé. Àwọn ọmọ a tún padà sójú títì.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ní ọdún 2022, mo ní olùkọ́ mẹ́rìnlá, gbogbo wọn ló jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún náà, mo rò pé yóò tilẹ̀ rọ̀ wá lọ́rùn ni, pé àyè yóò gba àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí sí i. Kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n palẹ̀ ẹrù mọ́ ní Agbowó àti Òrógun, oníkálukú gba ìlú bàbá rẹ̀ lọ. Ìyanṣẹ́lódì náà kò parí títí di ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá. Kí oṣù kẹta tó tán, olùkọ́ méjì ló kù mí kù. Ọmọbìnrin kan wà ní SS 2 tó máa ń tètè dé. Ní Sátidé kan tí ẹnikẹ́ni kò wá, ó nu pátákó, ó kọ déètì sí igun òkè lápá ọ̀tún, ó jókòó, ó ń wo ẹnu ọ̀nà. Ago mọ́kànlá kọjá kó tó ká ìwé rẹ̀ nílẹ̀. Mo wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ́mísírì ló fẹ́ kọ́, èmi kò sì mọ̀ ọ́n. Nínú fóònù mi lọ́jọ́ yẹn, n kò ní nọ́ńbà tíṣà kan ṣoṣo tó ti fẹ̀yìntì, n kò ní ti àgùnbánirọ̀ kankan, n kò sì mọ lẹ́sìnnì mìíràn tí mo lè júwe fún un. Ẹ̀bi mi ni. Odò kan ṣoṣo ni mo ti ń pọnmi.

Irú ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í lọ lásán lára ọmọ. Ní 2002, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Jean Grossman àti Jean Rhodes, tẹ iṣẹ́ wọn jáde lórí ọ̀dọ́ 1,138 tó forúkọ sílẹ̀ fún ètò Big Brothers Big Sisters, níbi tí wọ́n ti máa ń fi àgbàlagbà kan ti ọmọ kan lẹ́yìn. Àwọn ọmọ tí àjọṣe wọn pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló jèrè rẹ̀ jù. Àwọn tí tiwọn tú ká láàárín oṣù mélòó kan, ṣe ni ojú tí wọ́n fi ń wo ara wọn tún wálẹ̀ sí i. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún ẹni tó fẹ́ wá fún oṣù kan péré pé kó bá wa wá bẹ́ǹṣì, kó bá wa tẹ ìwé ìbéèrè, kó má gba ọmọ kankan sọ́wọ́.

Ẹ wo bí Ìbàdàn ṣe tò. Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti wà láti 1948, àti Pólí Ìbàdàn ní Sángo, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, apá àríwá ìlú ni àwọn méjèèjì wà. Ibẹ̀ náà ni akẹ́kọ̀ọ́ tó lè kọ́ni kún sí. Àwọn ọmọ tó nílò wọn jù sì wà ní Fọ́kò, Ìdí Àrẹ̀rẹ̀, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Àgùgù. Ọkọ̀ akérò Máíkírà méjì, nígbà mìíràn mẹ́ta, lèèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Ẹni tó ń fi gààrí sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì kò lè máa dá owó ọkọ̀ yẹn san lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ àwọn tó fẹ́ fowó ràn wá lọ́wọ́ pé kí wọ́n má ra ìwé tí wọ́n tẹ orúkọ wọn sí lẹ́yìn fún wa mọ́. Kí wọ́n san owó mótò olùkọ́ mẹ́rin fún ọdún kan. Kò ní hàn nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n òun ló ń gbé lẹ́sìnnì ró.

Àwọn àdúgbò àtijọ́ yẹn náà ní ohun tí àdúgbò ìgbàlódé bíi Bódìjà kò ní, ìyẹn agbo ilé. Ní 1853 tí David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì, inú ilé wọn ni iléèwé ti bẹ̀rẹ̀, Ìjòyè Olúnlóyọ̀ sì fa ọmọ rẹ̀ méjì, Akínyẹlé àti Yéjídé, lé Anna lọ́wọ́. Títí dòní, bí mógàjí tàbí ìyá àgbà inú agbo ilé bá fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ yín, ogún ọmọ lè dé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bí wọn kò bá fọwọ́ sí i, ẹ lè lẹ ìwé mọ́ gbogbo ògiri Ọjà'ba, ẹ̀yin nìkan lẹ máa jókòó.

Bíbẹ èèyàn náà ní bó ṣe ń lọ. Tí ẹ bá sọ fún tíṣà tó ti fẹ̀yìntì pé "Mà, ẹ ràn wá lọ́wọ́," àdúrà ni wọ́n á ṣe fún yín. Ohun tí mo máa ń sọ ni: "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mẹ́rin péré ni. Sátidé kejì àti ìkẹrin, ago mẹ́wàá sí méjìlá, wọn á wá ka Gẹ̀ẹ́sì fún yín lọ́dẹ̀dẹ̀ yín. A ti yá bẹ́ǹṣì ní mọ́ṣáláṣí." Wọ́n mọ ọjọ́, wọ́n mọ wákàtí, wọ́n mọ iye ọmọ, wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní gun ọ̀kadà. Àwọn tó kọ̀ fún mi kò tó nǹkan. Àwọn àgbà wọ̀nyí ló wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí. Wọn kì í ṣí kiri, wọ́n sì mọ ìyá ọmọ náà. Nígbà mìíràn, àwọn ló kọ́ ìyá náà níwèé.

Ní ti àwọn àgùnbánirọ̀, láti 1973 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, ọdún kan ni wọ́n fi ń sin ilẹ̀ bàbá wọn, wọ́n sì ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ìdàgbàsókè ìlú. Ẹ lo ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àgùnbánirọ̀ bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò gbapò rẹ̀. Ní oṣù méjì tó kẹ́yìn, kí ẹni tuntun máa jókòó tì í, kí àwọn ọmọ mọ ojú rẹ̀, kí ẹni tó ń lọ sì fẹnu ara rẹ̀ dágbére fún wọn.

Àwọn lẹ́sìnnì tún lè jọ máa dán ìwé kíkà ọmọ wò lọ́nà kan náà. Kíláàsì tó wà lára káàdì kì í sọ ibi tí ọmọ dé. Mo ti pàdé ọmọ JSS 2 kan tó ka ojú ìwé kan fún mi geere. Nígbà tí mo fi ọwọ́ bo àwòrán tó wà lókè, kò lè ka ọ̀rọ̀ kan. Ṣe ló ti há a sórí. Ní Íńdíà, àjọ Pratham máa ń ní kí ọmọ ka lẹ́tà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀, ìpínrọ̀ kékeré, ìtàn kúkúrú. Ibi tó bá ti dúró ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, láìwo ọjọ́ orí rẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni fún ọmọ kan. Bí lẹ́sìnnì mẹ́rin bá ń lo ìdánwò kan náà, ìyá àgbà tó mọ lẹ́tà kọ́ yóò gba gbogbo àwọn tó wà ní lẹ́tà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mọ ìṣirò WAEC yóò gba àwọn SS 3, ọmọ kan kò sì ní máa jókòó síbi tí kò yé e.

Ìtọ́sọ́nà yàtọ̀ sí lẹ́sìnnì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń rìn pọ̀. Àwọn kan rò pé dókítà ilé ìwòsàn UCH tàbí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn, nìkan ló lè tọ́ ọmọ sọ́nà. Kí wọ́n máa bọ̀, a nílò wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mú kí ọmọkùnrin kan fẹ́ràn ìṣirò lọ́dọ̀ wa, oníṣẹ́ iná ni. Ó mú un dání lọ síbi tí wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́, ó fi ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ náà hàn án: 1,500 wáàtì. "Iná wa, 220 fóltì. Pín in." Ọmọ náà pín in sórí páálí: 6.8. "Ó dáa, áńpìà tó ń fà nìyẹn. Ṣé wáyà tín-ín-rín tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí á lè gbé e pẹ́?" Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí po, ó gbé páálí náà wá sí lẹ́sìnnì, ó ń bi olùkọ́ ìṣirò léèrè ibi tí nọ́ńbà yòókù lẹ́yìn 8 wọlé sí.

Ọ̀rọ̀ ààbò kò ṣeé fi falẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ níbi mọ̀ pé lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ rọrùn láti wọ̀, torí ọpẹ́ la máa ń kó pàdé ẹni tó bá wá. Lọ́dọ̀ wa, àgbàlagbà kan kò gbọdọ̀ dá wà pẹ̀lú ọmọ nínú yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Kò gbọdọ̀ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí i lóru. Òbí ní láti fọwọ́ síwèé. Ẹni méjì ní láti ṣe onígbọ̀wọ́ fún olùkọ́, a ó sì dé ilé wọn. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 wà, ṣùgbọ́n òfin kò ní bá yín jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́dún kan, ọkùnrin kan wá bá wa pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó mọ́ tónítóní. Mo pe ẹni tó ń ṣe kòkáárí lẹ́sìnnì mìíràn, mo ní ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ó dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ti ní kó máa lọ, nítorí ó ń mú ọmọbìnrin kan lọ sílé rẹ̀, ojú sì tì wọ́n láti sọ ọ́ síta. Ká ní èmi àti ẹni náà kò mọra wa ni, ọkùnrin yẹn ì bá ti gba kíláàsì lọ́jọ́ náà.

Wọ́n á ní kẹ́ ẹ dá WhatsApp sílẹ̀. Ẹ dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ṣòfin sí i. Tiwa àkọ́kọ́, ẹ káàárọ̀ àti àdúrà àti ìpolówó ọjà ló bò ó mọ́lẹ̀. Ní báyìí, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ni lẹ́sìnnì kọ̀ọ̀kan máa ń fi síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú: ọmọ mélòó ló wá, olùkọ́ mélòó ló wá, kí ni a kò ní. Ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, a máa ń fojú kan ara wa, ọ̀kan nínú wa yóò gba àlejò. Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá pọ̀. Lẹ́sìnnì mẹ́rin tó. Ọkùnrin Yemẹtu yẹn kò ṣí tirẹ̀ mọ́. Ó gbé pátákó lọ fún ìyá àgbà, ó bá wọn ru bẹ́ǹṣì mẹ́fà láti ibi tí wọ́n ti pọ̀ jù lọ síbi tí wọn kò ti sí, òun ló sì ń yípo ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní gbogbo Sátidé pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́.

Bí ẹ kò bá mọ ẹnikẹ́ni ládùúgbò yín, ẹ lọ sẹ́nu gééètì iléèwé ìjọba tó sún mọ́ yín nígbà tí wọ́n bá jáde. Ẹ wá ìyá tó ń ta búrẹ́dì àti àkàrà níbẹ̀, ẹ ra tiyín, ẹ jókòó. Àwọn ló mọ ọmọ tí kì í rówó ra nǹkan kan, ọmọ tí kò wá láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tíṣà tó máa ń dúró ti àwọn ọmọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣíwọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ọmọ ta ni yín, kí lẹ sì ń wá. Ẹ fara balẹ̀ dá wọn lóhùn, kẹ́ ẹ sì mú bírò dání.