Ohun tí kernel ń ṣe kí kọ̀ǹpútà tó sùn

Bí ẹ bá pa ìdérí laptop yín dé tí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ẹ lè rò pé ńṣe ni ó kàn kú fín-ín. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìpalẹ̀mọ́ ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Oorun gan-an kò le. Linux, ọ̀kan nínú àwọn ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, ni màá fi ṣàlàyé, torí ibẹ̀ ni èèyàn ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Kernel ni apá ètò náà tí ó wà láàárín gbùngbùn kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí òyìnbó ń pe ọmọ inú èkùrọ́ náà ni, ó sì bá a mu, torí kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni ó ń dé ibẹ̀. Áàpù tí ẹ fi ń wo fídíò kò lè dédé lọ fọwọ́ kan díìsìkì tàbí bátìrì. Kernel ni yóò bá a ṣe é. Ojú ibi tí áàpù ti ń bá kernel sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń pè ní interface. Ó dà bí fèrèsé tí akápò jókòó sí lẹ́yìn ní báǹkì: ẹ ó na ìwé sí i, òun náà ó na owó sí yín, ṣùgbọ́n ẹ ò ní wọ yàrá owó.

Fáìlì ni púpọ̀ nínú àwọn fèrèsé yìí nínú Linux. Láti ìgbà tí ẹ̀dà 2.6 ti jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003 ni wọ́n ti wà lábẹ́ /sys. Wọn kò sí lórí díìsìkì rárá. Ìgbà tí ẹ bá bèèrè ni kernel ń wá ìdáhùn sí i. Ẹ ka /sys/class/power_supply/BAT0/capacity, ẹ ó rí nǹkan bíi 83: ìyẹn ni ohun tí ó kù nínú bátìrì nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ka /sys/block/sda/queue/rotational, 1 túmọ̀ sí pé díìsìkì náà ń yí, 0 pé SSD ni, díìsìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú. (Ẹ má gbà á gbọ́ tán o. Ọ̀pọ̀ fíláàṣì tí kò sí ohun tó ń yí nínú wọn ni ó ń dáhùn pé 1.)

Ti oorun ni /sys/power/state. Bí ẹ bá kà á, ó lè sọ fún yín pé: freeze mem disk. Bí ẹni tí ó ní àṣẹ root, àṣẹ tó ga jù lórí kọ̀ǹpútà, bá kọ mem sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà sùn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré! Lójú tèmi, kò sí fèrèsé tí ó rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Tí ó bá jẹ́ mem, iná díẹ̀ ṣì ń lọ sínú RAM, níbi tí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́ wà. Tí ó bá jẹ́ disk, kernel á kó ohun inú RAM sórí díìsìkì, á wá paná pátápátá. Freeze ló fúyẹ́ jù.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ kan yẹn? Nígbà tí ẹ bá tẹ Save, inú RAM ni ohun tí ẹ kọ sábà máa ń kọ́kọ́ wà. Kernel lè fi í síbẹ̀ fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú àáyá kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀. Díìsìkì náà tún ní àpò tirẹ̀: ó lè ní òun ti gbà á, kó jẹ́ pé inú àpò ni ó ṣì wà. Nítorí náà, kernel á kọ́kọ́ tú ohun tí ó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ sílẹ̀, á dá gbogbo áàpù dúró, á wá kàn sí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ṣáájú ìyá. Díìsìkì gbọ́dọ̀ sùn kí èyí tí ó ń darí rẹ̀ tó sùn. Bí ìyá bá kọ́kọ́ sùn, ọ̀nà wo ni a ó gbà bá ọmọ sọ̀rọ̀? Díìsìkì á kọ ohun inú àpò rẹ̀ sílẹ̀, á gbé orí tí ó fi ń kàwé síbi ìsinmi, á dẹ́kun yíyí. Bí ẹ bá jí i, ìyá ni ó ń kọ́kọ́ jí.

Bí iná ọba bá lọ lójijì lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní bátìrì, kò sí àyè fún gbogbo èyí. Díìsìkì tí ń yí á fi agbára yíyí tí ó ṣẹ́kù lára rẹ̀ gbé orí rẹ̀ kúrò lójú àwo, ṣùgbọ́n ohun inú RAM ti lọ. Ìdí nìyẹn tí database (ètò tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀, bíi ti báǹkì) fi ń ké sí fsync, àṣẹ tí ó ní kí kernel kọ nǹkan sórí díìsìkì láìdúró: kò ní sọ pé owó ti wọlé títí kernel yóò fi jẹ́ kó mọ̀ pé ó ti balẹ̀ sórí díìsìkì. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, lóòótọ́.

Oorun ti disk ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Bí kọ̀ǹpútà bá ti fi í sùn, ẹ má lọ fi ètò ìdarí mìíràn tí kì í ṣe Linux yẹn tan án kí ẹ wá yí fáìlì padà lórí díìsìkì kan náà. Bí Linux bá jí, bí díìsìkì ṣe wà kó tó sùn ni ó ṣì mọ̀, á sì máa kọ nǹkan lé ohun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi síbẹ̀.