Bọ́tìnì Fóònù Kò Mọ Iṣẹ́ Tó Ń Jẹ́

Bí fóònù bá gba update tán, ẹjọ́ tó máa ń kọ́kọ́ jáde ni pé bọ́tìnì ti bàjẹ́. Ẹnì kan tẹ bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè pa fóònù rẹ̀, dípò kí fóònù kú, ohùn kan ló ń bi í léèrè pé kí ló fẹ́. Àwọn kan á gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe, wọ́n á tilẹ̀ fẹ́ sanwó bọ́tìnì tuntun. Kò sí ohun tó ṣe bọ́tìnì. Bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n rà á náà ló ṣe wà. Ibòmíràn ni nǹkan ti yí.

Bọ́tìnì kò mọ nǹkan púpọ̀. Bí ìka bá tẹ̀ ẹ́, irin kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ á kan èkejì, iná á kọjá. Kernel, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ pátápátá nínú Android, ètò tó ń darí fóònù, á wá kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀: 116. Nọ́ńbà bọ́tìnì tí a fi ń tan fóònù nìyẹn. Ti èyí tó ń dín ohùn kù ni 114, ti èyí tó ń gbé e sókè ni 115. Á fi 1 tì í pé ìka ti tẹ̀ ẹ́. Bí ìka bá kúrò, á fi 0 tì í. Ó tán. Kò síbi tí wọ́n kọ “pa fóònù” sí nínú iṣẹ́ tí bọ́tìnì jẹ́. Kò tilẹ̀ sọ bóyá ìka pẹ́ lórí rẹ̀ tàbí kò pẹ́. Android fúnra rẹ̀ ló ń ka àkókò tó wà láàárín 1 àti 0.

Àwọn tó ń fi àrokò ránṣẹ́ láyé àtijọ́ kò ní rí ètò yìí bí àjèjì. Oníṣẹ́ gbé owó ẹyọ méjì tí wọ́n so pọ̀, ó di ìlú kejì. Bí ẹyọ méjèèjì bá kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra, ọ̀tá dé. Oníṣẹ́ kò ní láti mọ èyí tó gbé. Ẹni tó gbà á láàfin ló ń tú u. Ká ní wọ́n wá fi atúmọ̀ tuntun sáàfin lóru, tí onítọ̀hún sì pinnu pé láti òní lọ, ẹyọ tó bá kẹ̀yìn síra, ìyàwó ni wọ́n ń tọrọ. Oníṣẹ́ ò yí padà, okùn ò já, ẹyọ ò fọ́. Síbẹ̀, ọba tó fi ìbínú ránṣẹ́ ní àárọ̀ á rí ìyàwó gbà kílẹ̀ tó ṣú, ogun tó ń múra sí á di ìgbéyàwó, àwọn àna á sì jókòó sí ìloro máa béèrè ìdáná. Bó bá ní oníṣẹ́ ló ṣìṣe, tó ní kí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ìyàwó mìíràn náà ló máa gbà lọ́jọ́ kejì. Ohun tí ẹni tó ń pààrọ̀ bọ́tìnì nítorí update ń ṣe nìyẹn.

Atúmọ̀ inú Android ń ṣiṣẹ́ níbi méjì. Àkọ́kọ́ kò le: fáìlì kan tó ń jẹ́ Generic.kl ní ìlà kékeré tó sọ pé 116 ni POWER. Ìkejì, tó ń jẹ́ PhoneWindowManager, ni ọ̀rọ̀ wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó pé ṣé ìka ti pẹ́ tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, tàbí ṣé ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì wéréwéré, kí wọ́n ṣí kámẹ́rà fún un. Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló ń sọ ohun tí títẹ̀ pẹ́ máa ṣe. Bó bá jẹ́ 0, kò ní ṣe nǹkan kan. Bó bá jẹ́ 1, ibi tí a ti ń pa fóònù tàbí tún un tàn á jáde. Bó bá jẹ́ 5, á pe olùrànlọ́wọ́ tó ń sọ̀rọ̀. Kí ẹnì kan yí 1 sí 5 ni gbogbo ohun tó fa ariwo.

Ọ̀nà tí update ń gbà yí nọ́ńbà yẹn ló dùn jù láti tú wò. Fóònù ní apá tí ilé-iṣẹ́ kọ, tí ẹni tó ni ín kò lè fọwọ́ kàn, ó sì ní apá tí í ṣe ti olóhun: àwòrán rẹ̀, nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀, àti gbogbo ohun tó ti yàn rí nínú Settings. Update ń pààrọ̀ apá ilé-iṣẹ́, ó sì ń fi ti olóhun sílẹ̀. Láti ìgbà Android 7 lọ́dún 2016, àwọn fóònù mìíràn tilẹ̀ ní apá ilé-iṣẹ́ yìí ní méjì. Bí èèyàn ṣe ń lo ọ̀kan, update ń kọ ara rẹ̀ sórí ìkejì ní kọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kó tún fóònù tàn, fóònù á sì fò bọ́ sórí tuntun.

Ní báyìí, tí ìka bá pẹ́ lórí bọ́tìnì, Android á kọ́kọ́ wo apá olóhun bóyá ó ti yan nǹkan kan rí. Bó bá ti yàn, ohun tó yàn ni wọ́n á ṣe. Bí kò bá yàn, wọ́n á lọ wo ohun tí ilé-iṣẹ́ kọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò sọ nǹkan kan. Ẹni tí bọ́tìnì rẹ̀ ń ṣe bó ṣe fẹ́ láti ọjọ́ tó ti rà á, kí ló fẹ́ lọ ṣe ní Settings? Nítorí náà, kò sí àkọsílẹ̀ kankan níbi tirẹ̀ pé ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ọjọ́ tí 1 bá di 5 lápá ilé-iṣẹ́, òun ni yóò bá. Aláròyé tó ti wọ Settings lẹ́ẹ̀kan rí, tó yí i lọ tó tún yí i bọ̀, tirẹ̀ kì í sábà yí. Ọkọ àti ìyàwó lè ra irú fóònù kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí update kan náà wọlé, kí ti ọkọ yí kí ti ìyàwó má yí.

Ọgbọ́n wà nínú ètò náà, torí kò sí bí ẹ̀rọ ṣe lè mọ ohun tí wọn ò sọ fún un. Àlébù rẹ̀ ni pé ó ń ka ìtẹ́lọ́rùn sí àìbìkítà. Kò sì ṣèèṣì rí bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń yí bọ́tìnì sí ni pípe olùrànlọ́wọ́ tí ilé-iṣẹ́ yàn: Siri lórí iPhone X lọ́dún 2017, Bixby lórí Galaxy Note10 lọ́dún 2019, Google Assistant lórí Pixel 6 lọ́dún 2021, Gemini lórí Galaxy S25 lọ́dún 2025. Kò sí bọ́tìnì tí ọwọ́ ń dé tó bọ́tìnì yẹn.

Èyí tó ṣe bọ́tìnì ohùn tún burú díẹ̀. Kí Android 9 tó dé lọ́dún 2018, bí kò bá sí orin tàbí fídíò tó ń lọ, ohùn tí fóònù fi ń dún bí ìpè bá wọlé ni bọ́tìnì yẹn ń bá wí. Láti Android 9, ó di ohùn orin àti fídíò. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò burú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí fídíò bú sókè lójijì nínú ọkọ̀ èrò. Àmọ́ ẹ wo ẹni tó jókòó ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tan fóònù fìrí lábẹ́ Bíbélì, ó tẹ bọ́tìnì ìsàlẹ̀ títí tí kò fi síbi tó tún lè lọ, ó dá a padà sápò. Kò rí i pé àmì orin ló hàn lójú fóònù, pé kì í ṣe agogo. Pásítọ̀ ní kí gbogbo ojú di pípa, ni fóònù bá dún. Ohùn tó ti fara balẹ̀ pa ni ti orin tí kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Apple náà ti ṣe irú rẹ̀. iPad àkọ́kọ́ ní suwíìṣì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú rẹ̀ yí, ẹni tó ń fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kàwé lórí ibùsùn sì fẹ́ràn rẹ̀ gidi. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2010, iOS 4.2, ètò tó ń darí iPad nígbà náà, dé, suwíìṣì náà di ohun tí wọ́n fi ń pa ohùn. Àwọn èèyàn pariwo. Nínú oṣù kẹta ọdún 2011, iOS 4.3 jẹ́ kí kálukú yan èyí tó bá fẹ́, ohun tó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí iPad Air 2 jáde lọ́dún 2014, suwíìṣì ọ̀hún ò sí lára rẹ̀ mọ́ rárá.

Ibì kan wà tí atúmọ̀ kò dé. Ṣíípù tó ń bójú tó iná bátìrì ń wo bọ́tìnì fúnra rẹ̀, tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ pẹ́ gan-an, á já iná kúrò, á tún fóònù tàn láì béèrè lọ́wọ́ Android. Lórí Samsung, bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ àti èyí tó ń dín ohùn kù ni wọ́n máa ń tẹ̀ pọ̀ fún un. Ìgbà tí Android bá dákú ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ẹni tó kàn fẹ́ kí títẹ̀ pẹ́ padà sí bó ṣe wà, kó wọ Settings lórí Samsung, kó wá Advanced features, kó tẹ Side button. Lórí Pixel, abẹ́ System ló wà, ní Gestures.

Ti bọ́tìnì tó wà lójú fóònù ṣòroó dá padà ju èyí lọ. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ọ̀pọ̀ tó ń lo áàpù ìpè Google rí i pé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbé ìpè ti yí: ohun tí wọ́n ń fà sókè tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní àwọn ò gba update kankan, wọn ò sì purọ́. Ojú tuntun ti wà nínú áàpù náà kí wọ́n tó rí i. Òkèèrè ni Google ti tàn án. Nínú Settings áàpù yẹn, níbi tí wọ́n kọ Incoming call gesture sí, èèyàn lè yan kó máa fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kó kàn máa tẹ̀ ẹ́. Fífà sókè kò sí níbẹ̀.