Nígbà Tí Àpò Níkótíìnì Bá Bá Ọ̀fun Lọ

"Ẹ gbé epo wá!" ni igbe àkọ́kọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé, láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnì kan gbé ohun tí kì í ṣe oúnjẹ mì. Àpò níkótíìnì (níkótíìnì ni èròjà inú tábà) ti wà lára irú nǹkan bẹ́ẹ̀ báyìí: àpò funfun pénpé tí kò tóbi ju oríkèé ìka kan lọ, tí àwọn ọ̀dọ́ ń há sáàárín ètè àti èrìgì. Ẹni tó bá sùn lọ pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́nu, tàbí tó gbàgbé tó fi bu òkèlè iyán lé e, lè gbé e mì kó má tilẹ̀ mọ̀. Epo yẹn ni àlàyé yìí fẹ́ bá wí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ káún ló ṣáájú.

Ẹni tó bá ti rí bí àwọn àgbà ṣe ń lọ áṣáà mọ̀ pé tábà gbígbẹ nìkan kọ́ ló ń dé orí ọlọ. Káún wà níbẹ̀, káún ló sì ń jẹ́ kó ta. Ìwà méjì ni níkótíìnì ní. Nínú omi tó bá kan, bí omi ọsàn wẹ́wẹ́, ó máa ń há, kò lè gba ara awọ kọjá dáadáa. Nínú omi tó bá ń yọ̀ bí omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, ó máa ń tú sílẹ̀, á rá gba awọ ẹnu wọnú ẹ̀jẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn tó ń ṣe àpò níkótíìnì mọ àṣírí yìí. Ẹ wo ara agolo rẹ̀: sodium carbonate àti sodium bicarbonate sábà máa ń wà níbẹ̀. Káún náà ni, wọ́n kàn fọ̀ ọ́ mọ́ ni. Èyí tó kù nínú àpò náà ni ìyẹ̀fùn tí wọ́n fi ara ewéko ṣe, adùn, àti òórùn bíi ti mínǹtì.

Ẹnu ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà bó bá dé ikùn, ó ti ṣìnà. Omi inú ikùn kan gan-an, ìwọ̀nba káún inú àpò kan kò sì lè borí rẹ̀. Níkótíìnì á há síbẹ̀, díẹ̀ ni yóò gba ara ikùn kọjá. Ìgbà tó bá sún dé ìfun kékeré, níbi tí omi kò ti kan mọ́, ló ń tú sílẹ̀ tó ń wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ara ẹlòmíràn fi máa ń balẹ̀ fún ìṣẹ́jú bí ogún, tí yóò sì máa rò pé ó ti kọjá, kí èébì tó wá gbé e.

Ibi tí ara ti gbọ́n jù nìyí. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ẹnu kúrò ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú lọ sí ọkàn àti ọpọlọ, kò kan ẹnikẹ́ni lọ́nà. Ẹ̀jẹ̀ tó ti ìfun kúrò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bodè ẹ̀dọ̀ ló gbọ́dọ̀ gbà. Oníbodè yìí á tú ẹrù gbogbo wò, yóò gba nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta níkótíìnì, á sọ ọ́ di kotiníìnì tí agbára rẹ̀ kéré púpọ̀, kíndìnrín á wá fi ìtọ̀ gbé e jáde. Kò dà bí àwọn tó ń na okùn sójú ọ̀nà wa: kì í gba owó, kì í sì í sùn. Bí èèyàn bá gbé 10 mg (mílígíráàmù) níkótíìnì mì, ó lè jẹ́ 2 sí 4.5 mg ló máa kọjá bodè wọ ìlú, ìyẹn ara yòókù. Èyí tó wọ ìlú pàápàá ń di ìdajì ní bíi wákàtí méjì-méjì. Ṣùgbọ́n bí ẹrù bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí ẹnì kan gbé àpò mẹ́rin tàbí márùn-ún mì, ohun tó máa ré bodè kọjá yóò pọ̀ ju ohun tí ìlú lè gbà lọ.

Àgbàlagbà tó gbé ẹyọ kan mì kò ní iṣẹ́ púpọ̀ láti ṣe. Kó yọ ohunkóhun tó bá ṣẹ́kù lẹ́nu, kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dànù, kó má gbé e mì. Kó mu omi díẹ̀díẹ̀, kó jókòó, má dùbúlẹ̀ gbalaja. Kó má há òmíràn, kó má mu sìgá, kó má mu ọtí, kó má sì gun ọ̀kadà fún wákàtí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí òòyì. Àpò tí wọ́n ti há fún ìgbà díẹ̀ kò túmọ̀ sí pé ó ti ṣófo. Nǹkan bí ìdajì níkótíìnì lè ṣì wà nínú rẹ̀. Bó bá há a lọ́fun, tí kò lè wúkọ́ dáadáa, tí kò sì lè sọ̀rọ̀, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn: kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú, kí wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká lẹ́ẹ̀marùn-ún, bí kò bá bọ́, kí wọ́n dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n di ìkúùkù sókè ìdodo, kí wọ́n fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún.

Ohun tó sábà ń tẹ̀ lé e ni òsúkè, itọ́ púpọ̀, òógùn tútù, òòyì, èébì, àyà tó ń lù kì-kì. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí wákàtí kan ló ń bẹ̀rẹ̀, ó sì sábà máa ń rọlẹ̀ ní wákàtí kan tàbí méjì. Bí èébì bá fúnra rẹ̀ wá, ẹ jẹ́ kó wá. Níkótíìnì fúnra rẹ̀ ló ń tẹ agogo èébì nínú ọpọlọ. Ó ń lé ara rẹ̀ jáde. Kí ẹnikẹ́ni má ti ìka bọ ọ̀fun. Àpò òfìfo náà kò ní dà nínú ikùn, yóò bá ìgbẹ́ jáde ní ọjọ́ kan sí mẹ́ta, kò sì sí ìdí láti máa wá a. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, aboyún, ẹni tó gbé ju ẹyọ kan lọ mì, àti ẹni tí èébì rẹ̀ kò dáwọ́ dúró, kí wọ́n lọ sí ọsibítù.

Ó wá ku epo. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé epo pupa ń "pa" májèlé. Kí ló fẹ́ fi pa á? Níkótíìnì ń yòrò nínú omi, ó ń yòrò nínú epo pẹ̀lú. Epo kò dè é, kò sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Ohun tí epo mọ̀ ọ́n ṣe ni kó mú èèyàn bì. Bí ẹni tó ń bì, tí orí rẹ̀ sì ń yí, bá ní ìfe epo lọ́fun, díẹ̀ yóò yà sí kòmóòkun. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní ibi tó ń da epo sí. Ọ̀rọ̀ tí ì bá parí ní ìrọ̀lẹ́ yẹn á wá di ibà, ikọ́ àti èémí kíkúrú fún ọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń fi omi káún "tú ikùn" tún burú jù: wọ́n ń mú kíkan ikùn kúrò, wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn tí ara ti tì. Oògùn inú kíkan láti ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì lè ṣe ohun kan náà.

Ti ọmọdé kò gba ká dúró wò ó. Àpò 6 mg fún àgbàlagbà oní 60 kg jẹ́ 0.1 mg lórí kílò kan. Fún ọmọ oní 10 kg, 0.6 mg ni. Bodè kan náà ni, ìlú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló kéré. Òórùn mínǹtì àti adùn sì ń pe ọmọ sí i, ó sì lè ti jẹ ẹ́ lẹ́nu kó tó gbé e mì, ìyẹn ni pé ó ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ yọ èyí tó kù, ẹ nu ẹnu rẹ̀, ẹ máa lọ sí ọsibítù tó bá súnmọ́, ì báà ṣe Ìsánlú, Kàbà tàbí Ẹ̀gbẹ̀, kódà bó bá ń ṣeré. Ẹ mú agolo náà dání. Agolo mìíràn ń kọ mg fún àpò kan, òmíràn ń kọ mg/g, ìyẹn mg inú gíráàmù kan. Àpò oní 0.5 g tí wọ́n kọ 20 mg/g sí lára, 10 mg ló wà nínú rẹ̀. Ìkọ̀wé yẹn kò dára, kò yẹ kí òbí tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n máa ṣe ìṣirò.

Níkótíìnì kọ́kọ́ ń ta ara jí, lẹ́yìn náà ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Ọmọ tó ń bì tó ń ké ṣì wà ní ìpele kìíní. Èyí tó bì tó wá dákẹ́, tí ara rẹ̀ rọ̀, tí èémí rẹ̀ kò jinlẹ̀, ni kó lé yín sórí ọkọ̀ kíákíá. Bí gìrì bá mú un lọ́nà, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ má ki ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, pàápàá àgbo gìrì tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù rẹ. Ewé tábà tútù wà nínú àgbo yẹn; níkótíìnì ni wọ́n fẹ́ fi wo níkótíìnì.

Ní ọsibítù, bí kò bá tíì ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tí ojú ọmọ sì là, wọ́n lè fún un ní èédú tí wọ́n ṣe fún oògùn, tí ń fa níkótíìnì mọ́ra. Èédú ìdáná kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Diazepam wà fún gìrì, atropine fún ọkàn tó bá ń lù lọ́ra jù àti itọ́ tó ń dà. Èyí tó kù jẹ́ ṣíṣọ́ fún wákàtí mélòó kan. Ìbéèrè mẹ́ta ni dókítà máa bi: aago mélòó ló gbé e mì, mg mélòó ni, kí lẹ fún un nílé? Bí ẹ bá ti fún un ní epo, ẹ sọ ọ́. Yóò tẹ́tí sí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì.