Ìṣàkóso òṣìṣẹ́ àti ìmúdọ̀tun nínú iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà

Ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ni ètò tí iléeṣẹ́ fi ń gba ènìyàn síṣẹ́, tó fi ń kọ́ wọn, tó fi ń san owó oṣù wọn, tó fi ń wọn iṣẹ́ wọn, tó sì fi ń gbé wọn ga. Nínú iṣẹ́ ìjọba, ètò yìí ló ń sọ bóyá ọ̀nà tuntun láti ṣe iṣẹ́ fún aráàlú yóò rí ẹsẹ̀ walẹ̀ tàbí kò ní rí. Ọ̀nà tuntun lè jẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, àmọ́ ó tún lè jẹ́ pé kí ẹni tó wá sanwó orí parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọ́fíìsì kan dípò mẹ́ta. Ní Nàìjíríà, àwọn àtúnṣe tí aráàlú rántí jù kò ṣẹ̀yìn ọwọ́ tí wọ́n fi mú òṣìṣẹ́.

Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn

Nígbà tí ìjọba Obafemi Awolowo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1955, olùkọ́ ni ìṣòro àkọ́kọ́. Wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ sílẹ̀, wọ́n sì gba ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí kò tíì gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kún àwọn tó wà nílẹ̀, nítorí gbogbo ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn lé ní 800,000. Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta, wà lára àwọn tó darí iṣẹ́ ìjọba ẹkùn náà kí ó tó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní 1962.

Òfin ìgbéga àti ìrìn àjò fáìlì

Ìwé òfin iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti sọ iye ọdún tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ lò kó tó lè gòkè. Láti ìpele 7 dé 14, ọdún 3 ni lórí ìpele kọ̀ọ̀kan. Láti ìpele 15 lọ sókè, ọdún 4 ni. Ẹni tó bá pé ọmọ 60 ọdún tàbí tó ti lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ yóò fẹ̀yìn tì, èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì. Ìlànà yìí ní ìwúlò tirẹ̀, torí ó ń gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá tó fẹ́ gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ronú kan bí ìlà ọ́fíìsì yóò ṣe kúrú, àti ẹni tó kàn ń wọlé tó ń jáde, ọdún kan náà ni wọn yóò jọ dúró dè.

Bí akọ̀wé kékeré kan bá rí i pé ibi mẹ́ta ni aráàlú ti ń kọ orúkọ kan náà, inú fáìlì ni yóò kọ àbá rẹ̀ sí. Fáìlì á kan olórí ẹ̀ka, á kan igbákejì adarí, á kan adarí, kó tó dé ọ̀dọ̀ akọ̀wé àgbà, ìyẹn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ga jù ní iléeṣẹ́ náà. Bí ẹnì kan péré lójú ọ̀nà bá kọ K.I.V. sí i, ìyẹn ni pé kó ṣì wà níbẹ̀ ná, ọ̀rọ̀ lè dákẹ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá wá gbé akọ̀wé náà lọ sí iléeṣẹ́ mìíràn, kò sí ẹni tí yóò béèrè fáìlì yẹn mọ́.

Fọ́ọ̀mù APER ni wọ́n fi ń wọn iṣẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún fún ìgbà pípẹ́. Ó wọ́pọ̀ kí máàkì gbogbo ọ́fíìsì ga, torí ọ̀gá kì í fẹ́ kí wọ́n ní òun ló dínà ọmọ ọlọ́mọ. Ìjọba àpapọ̀ ti ń fi ètò ìgbéléwọ̀n tuntun tí wọ́n ń pè ní PMS rọ́pò rẹ̀, èyí tó ń béèrè àfojúsùn tó ṣeé kà. Ní 2009, wọ́n tún fi gbèdéke sí sáà àwọn akọ̀wé àgbà (ọdún 4, tó ṣeé tún ṣe lẹ́ẹ̀kan) àti ti àwọn adarí (ọdún 8), kí àyè lè ṣí fún àwọn tó wà nísàlẹ̀. Wọ́n dá a dúró ní 2016. Ó padà ní 2023.

Àjọ méjì tó yàtọ̀

Ifueko Omoigui-Okauru darí àjọ owó orí àpapọ̀, FIRS, láti 2004 di 2012. Òfin ọdún 2007 fún àjọ náà lágbára láti gba òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, kó sì là owó oṣù tirẹ̀ sílẹ̀. Èyí ló jẹ́ kó lè wá àwọn tó mọ ìṣirò owó àti kọ̀ǹpútà dunjú, tí owó oṣù ìjọba lásán kì bá tí fà mọ́ra.

Ní NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, Dora Akunyili tó di ọ̀gá àgbà ní 2001 yọ àwọn òṣìṣẹ́ tó bàjẹ́ kúrò, ó kọ́ àwọn tó kù, ó sì fi àwọn obìnrin sí ipò pàtàkì nínú iṣẹ́ àyẹ̀wò. Lẹ́yìn tó lọ, ní 2010, àjọ náà gbé ọ̀nà kan jáde: ẹni tó ra oògùn yóò fá ojú ibì kan lára páálí rẹ̀, yóò fi nọ́ńbà tó yọ ránṣẹ́ lórí fóònù, èsì yóò sì sọ fún un bóyá ojúlówó ni tàbí ayédèrú.

SERVICOM

Ní Oṣù Kẹta ọdún 2004, ìjọba Olusegun Obasanjo dá SERVICOM sílẹ̀ kí aráàlú lè rí ibi fẹjọ́ iṣẹ́ tí kò dára sùn. Gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló yẹ kó ní ẹ̀ka rẹ̀. Àmọ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà gan-an ló ń jókòó sí ẹ̀ka yìí, ọ̀gá tí wọ́n ń gbé ẹjọ́ aráàlú lọ bá sì lè jẹ́ ọ̀gá tí yóò fọwọ́ sí ìgbéléwọ̀n tiwọn náà lópin ọdún.