Ṣé irin tó nípọn ló ń gbé ẹni tó tóbi? Àlàyé lórí kẹ̀kẹ́ ìfẹ̀yìntì

Bí mo bá ti ti kẹ̀kẹ́ mi jáde ní Bàṣìrì, ní Adó-Èkìtì, láàárọ̀ Sátidé, mo ti mọ ohun tí màá gbọ́. "Tíṣà, ìjọba ò tíì ní kẹ́ ẹ fẹ̀yìn tì, ẹ ti gba kẹ̀kẹ́ ìfẹ̀yìntì!" Ọwọ́ ara mi ni mo fi fà á, torí èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni, ó ní pẹ́dà, ó ní ṣéènì, ṣùgbọ́n kò ní ìjókòó ṣóńṣó tí à ń há sáàárín itan. Àga gidi ló ní. Èèyàn á fẹ̀yìn tì í, á na ẹsẹ̀ síwájú, á máa wa pẹ́dà bí ẹni tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn iyán. Recumbent ni àwọn òyìnbó ń pè é. Òmíràn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, òmíràn ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta.

Kílò 118 ni mo wọ̀n nígbà tí mo gorí ìwọ̀n kẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé àwọn tí ara wọn tóbi bíi tèmi ló sábà máa ń wá bá mi, pé àwọn náà fẹ́ ra ọ̀kan tí àwọn á máa fi najú. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Ṣé irin ẹ̀ nípọn?" Wọ́n á fi ìka kan án kò-kò-kò bí ẹni ń yan ìkòkò lọ́jà. Bó bá dún bí agolo, wọ́n á mirí. Lójú tiwọn, ẹni tó bá wúwo, kẹ̀kẹ́ tó wúwo ló yẹ ẹ́.

Mi ò lè fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ná mi lówó.

Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì lásán ni mo kọ́kọ́ rà, tòkunbọ̀ kan tí irin rẹ̀ pọ̀ débi pé ọmọ mi ò lè gbé e gun àtẹ̀gùn. Ẹni tó tà á fún mi fọwọ́ sọ̀yà pé bí erin bá gùn ún, kò ní tẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Irin náà kò tẹ̀ títí dòní. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé lọ́jọ́ kan lọ́nà Ìyìn, mo gbọ́ "táù!" lẹ́yìn mi, ni ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ́ bí ọ̀mùtí, ó ń ha bíréèkì. Sípóòkù kan, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn wáyà tó so àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ etí rẹ̀, ti já. Mo tún un ṣe. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn já. Òmíràn tún tẹ̀ lé e.

Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ajílósùn ló là mí lójú. Ó yọ sípóòkù tó já, ó fi í sí mi látẹ́lẹwọ́. "Wò ó dáadáa." (Èkìtì pọ́ńbélé ni Bàbá, kò sí "ẹ" fún ẹnì kan ṣoṣo nínú èdè tiwọn.) Kò já láàárín. Ibi tó ti tẹ̀ kọdọrọ, níbi tó ti wọ ihò àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ibẹ̀ ló ti já. Ojú ibi tó já náà kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ àwọ̀ méjì ló ní: apá kan dúdú, apá kejì ń dán bíi fàdákà. "Apá dúdú yìí ti sán tipẹ́," Bàbá wí. "Èyí tó ń dán nìkan ló já lónìí." Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná ta àwọn tó kù níkọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta gìtá. Ọ̀kan dún gan, èkejì dún bọ̀ọ̀, ẹ̀kẹta dún gan, ẹ̀kẹrin ò tiẹ̀ dún rárá. "Ṣé o gbọ́ wọn? Ohùn wọn ò dọ́gba. Èyí tó dẹ̀ ń mì, èyí tó le ń ru ẹrù tiẹ̀ àti tẹlòmíràn."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń yí, sípóòkù tó bá bọ́ sísàlẹ̀ á dẹ̀ díẹ̀, bó bá kọjá, á tún le. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ oníńṣì 26 máa ń yí tó ìgbà 480 kó tó rin kìlómítà 1. Kó tó rin kìlómítà 10, ó ti ń súnmọ́ ìgbà 5,000. Gbogbo wa la mọ bí wáyà ṣe ń já bí a bá ń tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Bí ẹni tó gùn ún bá ṣe wúwo tó ni dídẹ̀ àti líle yẹn ṣe ń pọ̀ tó, pàápàá bí wọn ò bá fún sípóòkù náà dọ́gba. Irin tí gbogbo ayé ń kàn kò-kò-kò kò sí nínú ìjà yìí.

Irin náà gan-an, kì í ṣe nínípọn ló fi ń lágbára. Ẹ wo ọparun. Inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, síbẹ̀ òun la fi ń ti déèkì bí a bá ń kọ́lé. Páìpù tó fẹ̀ tí ara rẹ̀ fẹ́lẹ́ máa ń le ju ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó kún fún irin, bí ìwọ̀n méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba. Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ fẹ́ rà, ẹ fi ọwọ́ tí ẹ fi ń kàn án sílẹ̀, kí ẹ lo ojú. Ẹ wo gbogbo ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀. Ibi tí ọ̀dà bá ti sán bí irun, tí ìpẹtà ń jò jáde níbẹ̀, ẹ máa bá tiyín lọ.

Kí ló wá yẹ kí ẹni tó tóbi wò? Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ oníńṣì 20 tó ní sípóòkù 36 lágbára ju oníńṣì 26 tó ní 28 lọ fíìfíì, torí sípóòkù kúkúrú kì í mì bíi gígùn. Èyí tún ṣe pàtàkì fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí kì í fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì bó bá ń yà. Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo ìwọ̀n ara ti ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀. Táyà tó fẹ̀ dára ju tẹ́ẹ́rẹ́, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ sí i dé ibi tí wọ́n kọ sára rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kó máa gbé. Ọ̀rẹ́ mi kan rí 275 lórí ọ̀kan, inú rẹ̀ dùn, ó ní kẹ̀kẹ́ náà lè gbé òun àtìyàwó òun. Pọ́ùn ni wọ́n kọ, kì í ṣe kílò. Pọ́ùn 275 kò ju kílò 125 lọ, òun náà ló sì wà lára púpọ̀ nínú Catrike, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Pọ́ùn 400, ìyẹn kílò 181, ni ilé iṣẹ́ TerraTrike kọ sí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tiwọn tó ń jẹ́ Rover. Èmi oníkílò 118, tí mo bá wọ bàtà, tí mo gbé omi, tí mo ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́nà, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún òṣùwọ̀n àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí àyè ṣẹ́ kù.

Gíà ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí, torí Èkìtì la wà. Òkìtì ni wọ́n ní orúkọ wa ti wá, ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́ láti Ìtawùrẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n ò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Lórí kẹ̀kẹ́ lásán, bí òkè bá le, èèyàn á dìde lórí pẹ́dà, á gbé gbogbo ara lé e. Àwa tí a tóbi ń jèrè ara wa díẹ̀ níbẹ̀. Lórí kẹ̀kẹ́ ìfẹ̀yìntì, kò sí ìdìde. Itan nìkan ló ń ti pẹ́dà, ẹ̀yìn àga ló sì ń gbà á dúró. Bí gíà bá le, orúnkún ló máa kọ́kọ́ ké.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Bí eyín gíà iwájú bá jẹ́ 42, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn jẹ́ 28, lórí ẹsẹ̀ oníńṣì 26, bí pẹ́dà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ẹ ti rin nǹkan bíi mítà 3. Bí iwájú bá jẹ́ 30, tí ẹ̀yìn jẹ́ 34, lórí ẹsẹ̀ oníńṣì 20, mítà 1.4 péré ni. Òkè kan náà ni, ara kan náà ni, ṣùgbọ́n agbára tí itan fi ń ti pẹ́dà kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Bí pẹ́dà bá ń yí nígbà 60 ní ìṣẹ́jú kan, kìlómítà 5 ni wàá rìn ní wákàtí kan. Ìrìn ẹsẹ̀ nìyẹn, mo mọ̀. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ti yọrí: bó bá rọra dé ibi tó wù kó rọra dé, kì í ṣubú. Ẹlẹ́sẹ̀ méjì á ti máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́gọ́, ẹni tó wà lórí rẹ̀ á ti máa wá ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀.

Àwọn kan á ní ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wúwo jù. Ó lè fi kílò 8 ju kẹ̀kẹ́ lásán lọ. Kí ni kílò 8 lẹ́gbẹ̀ẹ́ 118 tí mo gbé láti ilé?

Gígun òkè ní sísọ̀ kalẹ̀ nínú. Ara tó wúwo máa ń yára sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè ju bí ẹ ṣe rò lọ, nítorí náà ẹ dán bíréèkì wò kí ẹ tó sanwó. Ẹ fi okùn de bàtà mọ́ pẹ́dà pẹ̀lú. Lórí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó bá yọ̀ tó kan ilẹ̀ lè fà wọ abẹ́ irin iwájú, kẹ̀kẹ́ á sì gun ẹni tó ń gùn ún. Ẹ ta àsíá gíga sẹ́yìn, kí ọlọ́kadà lè rí yín. Kòtò kì í sì í ṣeé yẹ̀ dáadáa, torí ojú ọ̀nà mẹ́ta ni ẹsẹ̀ mẹ́ta ń tọ̀. Bí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú kòtò, òmíràn á wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àga ló kù. Èyí tó wà nílẹ̀ pátápátá máa ń dára lójú, àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹ jókòó sí i rọrùn. Dídìde ńkọ́? Ẹ jókòó kí ẹ dìde nígbà mẹ́ta lójú ẹni tó ń tà á, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fà yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti ń wá nǹkan dì mú nígbà kejì, ẹ wá èyí tí àga rẹ̀ ga dé orúnkún. Kí ẹ sì wo ibi tí pẹ́dà wà. Bó bá ga ju àga lọ púpọ̀, itan á máa gbá ikùn ní gbogbo ìgbà tó bá yípo, èémí á sì kúrú. Ẹni tí kò ní ikùn ò ní sọ èyí fún yín.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni kẹ̀kẹ́ ìfẹ̀yìntì, wọn ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Paris ní July 7, 1933. Francis Faure, tí kì í ṣe ọ̀kan lára àwọn ìlú-mọ̀-ọ́n-ká eléré kẹ̀kẹ́, gun irú rẹ̀ kan tí Charles Mochet ṣe, ó sì rin kìlómítà 45.055 láàárín wákàtí kan. Láti 1914 ni eléré kẹ̀kẹ́ Oscar Egg ti di àmì kìlómítà 44.247 mú lórí kẹ̀kẹ́ lásán. Ní 1934, àwọn aláṣẹ eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé lé irú kẹ̀kẹ́ tí Faure gùn kúrò nínú ìdíje. Kì í ṣe pé kò yá. Ó yá jù.

Tèmi ò yá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni, àga rẹ̀ ga dé orúnkún, irin rẹ̀ sì ń dún bí agolo. Bàbá bá mi pààrọ̀ gíà iwájú sí 30, ó fún gbogbo sípóòkù títí ohùn wọn fi dọ́gba. Sátidé tó kọjá lórí òkè Ìyìn, ọmọbìnrin kan tó ru igbá ọsàn ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó rìn bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ mi. "Ẹ kú iṣẹ́, sà," ó ní. Ó sì kọjá lára mi.