Ẹsẹ̀ yín kọ́ ló ń fún mọ́tò onínjector ní epo

Láàárọ̀ tí mọ́tò bá kọ̀ tí kò ṣíná, ohun tí ọ̀pọ̀ wa máa ń ṣe ni pé a ó fi ẹsẹ̀ tẹ iná (accelerator) lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí a tó yí kọ́kọ́rọ́, "kí epo lè gòkè." Bí kò bá tún jẹ́, ẹni tó jókòó tì wá á ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa o!"

Àṣà yìí ní orísun, kì í ṣe àṣà òmùgọ̀. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975, àti Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá, kábúrétọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò. Pọ́ǹpù kékeré kan wà lára kábúrétọ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti tẹ iná ló ń tú epo sí ẹ́ńjìnnì, bí ẹ́ńjìnnì ò tilẹ̀ tíì yí rárá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni bàbá mi máa ń tẹ iná kó tó ṣíná sí 504 rẹ̀. Ó tọ̀nà.

Ti onínjector, ìyẹn èyí tí injector ń fọ́n epo sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀, yàtọ̀. Nínú Camry tàbí Accord tòkúnbọ̀ wa, afẹ́fẹ́ nìkan ni ẹsẹ̀ yín ń ṣílẹ̀kùn fún. Brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, ló ń pín epo, kò sì ní pín in àfi tí sensor kíráńkì bá sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì ti ń yí. Ẹ tẹ iná lógún ìgbà kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ̀kán epo kan ò ní tìtorí ẹ̀ jáde.

Ó tún ku ibì kan tó ń dùn mí. Nínú ọ̀pọ̀ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tẹ iná kanlẹ̀ nígbà tí ẹ ń kíìkì, ńṣe ni brain box ń gé epo. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ púlọ́ọ̀gì tí epo ti rin gbingbin. Ẹni tó ń wá epo kíkankíkan ló wá ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ti ẹ̀rọ epo pa.

"Àmọ́ tèmi máa ń jí bí mo bá tẹ iná." Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ń fi àìsàn kan hàn yín ni: bóyá ẹ̀ńjìnnì ò rí afẹ́fẹ́ mí tó nígbà tí ẹsẹ̀ ò sí lórí iná, torí èédú ti dí fáàfù tó ń gbé e dúró ní slow; bóyá injector kan ń jò mọ́jú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ fáàfù náà, kí wọ́n sì yẹ injector wò.

Ti Honda Accord àti Civic 1990 sí 1997 tún wà lọ́tọ̀. Òmíràn nínú wọn ń jí láàárọ̀, ó kọ̀ lọ́sàn-án gangan nínú oòrùn, ó tún jí nírọ̀lẹ́. Mo ti rí ẹni tó pààrọ̀ pọ́ǹpù inú táǹkì lẹ́ẹ̀mejì lórí èyí. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ON, ẹ má kíìkì, ẹ tẹ́tí: pọ́ǹpù yẹ kó kùn fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì. Bó bá dákẹ́, tí fíúsì sì dáa, ẹ kọ́kọ́ wo main relay, ìyẹn swíìṣì tó ń gbé iná fún pọ́ǹpù, lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà awakọ̀. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi jó nǹkan pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń sán, ooru á sì jẹ́ kó ṣí. Ẹni tó ń tún rédíò ṣe lè jó o padà.